Òwú Pupa Nínú Ọrùn Ṣẹ́ẹ̀tì

Ilé alágbàfọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní Èbúté Mẹ́ta,
lẹ́yìn ojú irin, níbi tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba àmì
kí a tó gbàgbé ojú ẹni tó ni ín.
Bàbá mi ò mọ̀wé kọ. Òwú pupa ni bíírò rẹ̀:
ìlà mẹ́ta, àgbélébùú kan, sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì,
bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ti akọ̀wé yàtọ̀ sí ti adájọ́.
Èmi ni mo ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú.
Á ní, "Abọ́sẹ̀dé, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀,"
á wá wo ara rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu jára,
á bú sẹ́rìn-ín.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò wá gbà.
Ọdún kan. Ọdún mẹ́ta.
Gbogbo Kérésì ni bàbá mi ń tún un fọ̀,
ó ń kì í ní sítáàṣì, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń gbé e kọ́.
"Ẹni tó ni ín lè dé lónìí."
Nígbà tí a sin òun fúnra rẹ̀ tán,
ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lórí ìṣó.

Mo wọ̀ ọ́. Apá rẹ̀ gùn kọjá ìka mi.
Mo ká ti òsì sókè nígbà mẹ́ta, mo fi pínnì mẹ́rin dè é;
pínnì tán, mo fi ti ọ̀tún sílẹ̀ kó máa fì.
Mo gé irun mi mọ́lẹ̀ torí n kò lówó onídìrí.
Ẹ̀yin lẹ wá pè é ní oge lẹ́yìn náà.
Àìní ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, mo ru àpò aṣọ mẹ́fà tẹ̀lé ayàwòrán kan
láti Ìdúmọ̀tà dé Òkè Súnà. Ó fún mi ní búrẹ́dì.
Ìyàwó kan, síìpù rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì:
mo fi abẹ́rẹ́ gán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, mo ní
kó má ṣe mí kanlẹ̀ títí wọn ó fi ṣàmín.
Òṣèré kan kó ẹ̀gbà mẹ́sàn-án sọ́rùn. Mo yọ mẹ́jọ.
Orí ìyẹn ni mo ti rí oúnjẹ.

Màmá mi bi mí: "Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún?"
Mo ní mo ń wọṣọ fún àwọn gbajúmọ̀.
Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè.
"Ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni?"

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ní Ìta Fájì.
Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ń ká apá òsì, pínnì mẹ́rin géérégé.
Ọ̀kan bi mí pé ìlú òyìnbó wo ni mo ti rà á.

Lóṣù Ọ̀pẹ, a wá àgbàlagbà kan tí yóò dé fìlà fún àwòrán.
Bàbá Bámgbàlà ló wá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
akọ̀wé rélùwéè nígbà kan rí.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ṣe, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣí,
mo gbọ́ tó dákẹ́.
Ìka rẹ̀ wà lórí òwú pupa.

"Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n dá gbogbo wa dúró," ó ní.
"Mi ò lówó tí mo lè fi gbà á. Ojú tì mí.
Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà, kí bàbá yín má baà rí mi."

Mo ti ń yọ pínnì. Ọ̀kan. Ìkejì.
Ó di ọwọ́ mi mú. "Èló ni owó ìfọṣọ nígbà náà?"
N kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ti lọ.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan lápò,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lórí tábìlì
bí ẹni ń lọ aṣọ, títí gbogbo ìka rẹ̀ fi nà.
Mo kọ rìsíìtì fún un lórúkọ bàbá mi.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú fìlà.

"Ó di tèmi padà nìyẹn," ó ní. "Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Ó tún wò mí láti òkè délẹ̀, ó sún mọ́ mi,
ó fojú fín-ín-rín wo àyà mi.
"Bọ́tìnì kejì yìí," ó ní,
"kì í ṣe èyí tí mo fi sí i."