Òwú Pupa Láti Talca

Yasna, òwú ìránṣọ ìyá rẹ ni mo fi wọn ọ̀nà.
Mo fi ìka tẹ orí rẹ̀ mọ́ Santiago,
mo fà á gba ojú ayé roboto tí o fi kàwé,
ó di Auckland kí n tó já a.
Búlúù ni gbogbo ẹ̀, ọmọ mi.
Kò sí ìlú kan tí mo lè pè lórúkọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin,
mo mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà jíjìn.
Láti Santiago dé ọ̀dọ̀ wa, àádọ́talénígba kìlómítà:
Rancagua, San Fernando, Curicó.
Ní Curicó ẹnìkan á na kéèkì sí ọ lójú fèrèsé,
wàá sì mọ̀ pé ilé kù díẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹgbàárùn-ún kìlómítà ó dín díẹ̀,
láìsí ibi téèyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ ra búrẹ́dì?

Wákàtí mọ́kànlá, o ní.
Mo ti jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ tó yọnu lábẹ́ òjò.

Jíjìn kọ́ ló ń já mi láyà.
Nígbà tí ò ń lọ, alẹ́ ọjọ́ kẹjọ lo wọkọ̀,
ìdájí ọjọ́ kẹwàá lo balẹ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ tí a bí ọ,
òkun gbé e mì káló.
Ìyá rẹ ti yan kéèkì. Ó gbé e kalẹ̀ láàárọ̀,
ó wo aago, ó bi mí pé:
“Ní báyìí, ọmọ ọdún mélòó ló wà lókè yẹn?”
N kò rí i dá lóhùn.
Ọdún kẹta rèé tí òun náà ti gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìsí àbọ̀.

Lẹ́tà rẹ dé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun lẹ óò gbéra,
aago kan ọ̀sán Ìṣẹ́gun kan náà lẹ óò balẹ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹni tó dé kó tó lọ!
Ká ní èmi ni mo kọ irú ẹ̀ sára pátákó ibùdókọ̀,
ọ̀gá ì bá lé mi dànù.
Nibaldo, ọmọ aládùúgbò, ní ìlà kan wà lójú òkun
tí ẹnikẹ́ni kì í rí:
ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ èrò,
ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dá a padà.
Mo ní, ṣé èyí tí wọ́n gbà gan-an ni wọ́n ń dá padà,
àbí òmíràn?
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá a rín in.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Màá ra kéèkì ní Curicó.
Òwú yẹn, mo ti fi rán bọ́tìnì kóòtù mi,
ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀.