Pa Á, Kí O Tún Tan Án

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, nínú oṣù kọkànlá,
ilẹ̀ ti ṣú bí ìdí ìkòkò
lórí omi tó la àárín òkè méjì kọjá.
Inú ọkọ̀ ojú omi la wà, lórí irin tó ń gbọ̀n,
ọkọ̀ mẹ́tàlélógún, tèmi ló wà níwájú pátápátá.
Àgbò Halldis wà lẹ́yìn, níbi tí ọmọ ń jókòó,
àgbò àyálò,
tí yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn abo àgùntàn wa
kí n tó dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ọkọ̀ bátìrì ni ọkọ̀ mi. Kò mọ àgbò.
Ohun tó mọ̀ ni pé ẹnìkan wúwo lẹ́yìn,
ẹni náà kò sì de bẹ́líìtì.
Ó ń ké píì, píì, píì
láti ẹnu ọ̀nà Halldis títí dé etí omi,
àgbò sì ń dá a lóhùn.
Sigbjørn, bàbá ọkọ mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ní, “De bẹ́líìtì fún un, ká lè rí ọ̀rọ̀ sọ.”
Mo dè é. Ó dákẹ́.
Ọkọ̀ ni mo ń wí. Àgbò kò dákẹ́.

Bí a ṣe rí iná èbúté ni gíláàsì tó wà níwájú mi ṣẹ́jú,
gíláàsì tó fẹ̀ bí pákó tí a fi ń gé búrẹ́dì.
Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i.
Àwòrán ọ̀nà lọ, aago lọ, iye iná tó kù lọ.
Ó dúdú.
Kò sí èéfín, kò sí òórùn epo,
kò sí ohun tí ènìyàn lè fi sípánà gbá.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọkọ̀ ojú omi ti ń là díẹ̀díẹ̀,
òtútù ń wọlé,
ọkọ̀ méjìlélógún tan iná sí mi lẹ́yìn ọrùn.

Oddgeir tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ń pariwo bọ̀:
“Pa á! Pa á!”
Sigbjørn ti tú bẹ́líìtì ara rẹ̀,
ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ìwo àgbò mú.
“Ta ni ẹ fẹ́ pa? Àyálò ni!”
“Ọkọ̀ ni, bàbá. Kó pa ọkọ̀, kó tún tan án.”

Mo ti pa á rí. Mo mọ̀ ọ́n pa.
Mo pa á lọ́jọ́ tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣí sílẹ̀,
èmi sì wà nínú rẹ̀, ìkankan kò ṣí fún mi.
Mo pa á lọ́jọ́ tó ní kí n yà sọ́tùn-ún, sínú omi.
Àwọn tó ṣe é ní ọgbọ́n tuntun ni àwọn fi ránṣẹ́ sí i lóru,
ọgbọ́n tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì lára ìdarí, mo dì wọ́n mú.
Ení, èjì, ẹ̀ta.
Ọgbọ̀n ni kí n kà á dé.
Nínú òkùnkùn yẹn, láìsí píì,
mo gbọ́ èémí àgbò, mo gbọ́ èémí bàbá,
èyí tó ń fà, tó ń dúró, tó tún ń fà.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ọkàn mi,” ó ní,
“lóṣù kẹrin, ní ọsibítù. Ó ń sáré láìnídìí.
Wọ́n pa á. Wọ́n tún tan án.”

Kò sọ fún wa. Ó ní òun ń lọ ra wáyà ọgbà ni.
Mo gbàgbé ibi tí mo kà dé.

Lẹ́yìn wa, àgbò fi ẹsẹ̀ wọ́ ẹ̀yìn díẹ̀ lórí àga,
níwọ̀n ibi tí bẹ́líìtì gbà á láyè dé.
Gbogbo wa la mọ ohun tí àgbò tó fẹ̀yìn rìn lọ mú wá.

Gíláàsì mọ́lẹ̀.
Ó kí mi káàbọ̀, ó pe orúkọ mi, Torunn,
bí ẹni tí kò lọ ibì kankan.
Aago rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru ni.
Oddgeir ju ọwọ́ síwájú, mo gùn ún dé orí ilẹ̀,
gbogbo wọn sì tẹ̀lé mi.

Píì, píì, píì.
“Kí ló tún ń ṣe é?” ni Sigbjørn bi mí,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìwo.
“Ìwọ ló ń bá wí,” ni mo dáhùn. “De bẹ́líìtì rẹ.”