Ìparí Kásẹ́ẹ̀tì Búọ̀dá Ṣíjúadé

Nígbà tí wọ́n tan iná sinimá ní Dùgbẹ̀,
Láníyan ò dìde.
Ó di páálí gúgúrú mú bí ẹni di ìwé ìpẹ̀jọ́ mú,
ó ní, "Wọ́n ti bà á jẹ́."
Mẹ́káníìkì Mọ́lété, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta,
tí ẹ́ńjìnnì ti já lé lẹ́sẹ̀ rí tí kò ké,
omi ń bọ̀ lójú ẹ̀ torí ọkọ̀ òfuurufú.

Músílíù ní, kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?
Àwòdì Irin tuntun ń kọ mànà,
ó yí oòrùn méjì po, kò sí okùn lẹ́yìn ẹ̀.
Láníyan ní, "Okùn yẹn gan-an ni mò ń wá!"

Ó tọ́. Láyé ọjọ́un, a máa ń rí okùn.
Nínú yàrá kótópó Búọ̀dá Ṣíjúadé ní Fókò,
àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ǹṣì mẹ́rin,
tẹlifíṣọ̀n tí igun ẹ̀ kan pọ́n bí ojú tó ní àpólò.
Ọ̀gákọ̀ Dórán á yọ,
aṣọ ẹ̀ á máa dán bíi bébà inú páálí sìgá,
ọkọ̀ ẹ̀ á máa fì lókè bí ṣòkòtò tí wọ́n sá,
okùn á hàn gedegbe, a ó sì gbàgbọ́.
Ládiméjì gbàgbọ́ débi pé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko
kò lè dá lọ sí ṣáláńgá lálẹ́.

Ládiméjì náà ti wo tuntun ní Kánádà. Ó pè wá.
"Dórán ti di obìnrin! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Obìnrin!"
Ìyàwó ẹ̀ gba fóònù. A ò gbọ́ ohun tó kù.

Nídìí ọlọ́súyà, ìjà di ìjà ìparí.
Láníyan ní Dórán àkọ́kọ́ ò kú:
ó bọ́ sínú ayé olómi, wọ́n fi í jọba níbẹ̀.
Músílíù ní irọ́ funfun báláú, ó kú,
wọ́n tú eérú ẹ̀ sójú ọ̀run, eérú di ìràwọ̀.
Mo ní ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ sùn lọ ni?
Dórán padà sílé. Ó kan ilẹ̀kùn.
Ìyá ẹ̀ yọjú, ó ní, "Ta lẹ̀ ń wá?"
Ọlọ́súyà dá ọ̀bẹ dúró, ó ń wò wá.

Mopélọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
tó ti ń ṣa àlùbọ́sà wa jẹ látìgbà yẹn,
gbójú sókè. "Ṣé fíìmù kan náà lẹ wò?"

A dákẹ́.
Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ò dópin rí.
Bó bá ti ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ á jẹ okùn inú ẹ̀.
Búọ̀dá Ṣíjúadé á pa tẹlifíṣọ̀n, á dìde síwájú wa,
á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu:
"Ẹ má sariwo. Mo ti wo ìparí ẹ̀ l'Ékòó."
Lọ́jọ́ tó bá jẹun yó, Dórán á joyè.
Lọ́jọ́ tí onílé bá wá gbowó, Dórán á kú.
Lọ́jọ́ tó ti ìsìnkú ìyá ẹ̀ dé láti Ìkirè,
mo wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú.

Láníyan ju igi súyà nù.
"Ṣé ó tiẹ̀ dé Èkó rí?"
Kò sẹ́ni tó lè bi í mọ́.

Nílé, iná ti lọ.
Mopélọ́lá ń ròyìn fíìmù fún àbúrò ẹ̀
tí ibà ò jẹ́ kó bá wa jáde.
Ó na ọwọ́ sókè nínú òkùnkùn, ọwọ́ náà ń fì.
Ó ní Dórán wọ inú ọkọ̀ tó ń jó,
ó ní ó bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí ara ẹ̀ gbóná,
ó gbé e pọ̀n, ó fò jáde,
ọmọ náà sì yè.

Kò sí ọmọ kankan nínú fíìmù tí a wò.
Ojú mi ló ṣe.
Mo rọra fa àpótí kan, mo jókòó lẹ́yìn wọn.