Ilẹ̀kùn Ẹsẹ̀ Bàálù

Ní Ìsọ̀kùn, n'Iléṣà, lẹ́yìn ilé Fápohùndà,
bàálù kékeré kan jókòó lórí àpótí mẹ́rin
bí aláìsàn tó ń retí dókítà.
Táyà tuntun sanra ju ti àná lọ;
òkúta pápá wa kò mọ ojú àlejò.
Ilẹ̀kùn abẹ́ ikùn rẹ̀ méjèèjì kò pàdé mọ́.

"A kì í gé ẹsẹ̀ torí bàtà," ni bàbá wí.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó mú ayùn.
Páànù han gooro. Ajá sá.
Ìka kan. Ìka kan ààbọ̀.
Ó ṣì ń ha táyà.

Lékeléke kan kọjá lókè,
ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn, kò ní ilẹ̀kùn.
Bàbá wò ó títí ó fi wọlé sínú igbó kòkó.

"Gbé sípánà wá," ó ní,
"ká tú àgbékọ́ yìí."