Ẹni Tó Rán Kakí Wọn

Èmi ni mo rán kakí wọn, gbogbo ọmọ mẹ́rìnlélógún,
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọ̀kùn, lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé.
Bọ́tìnnì mẹ́fà níwájú, àpò méjì láyà,
okùn aláwọ̀ ewé léjìká fún ẹni tó bá ti búra.
Sátidé, agogo mẹ́rin, wọn a tò sí gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì,
Ẹgbẹ́ Aṣọ́nà! Ẹsẹ̀ òsì! Ẹsẹ̀ ọ̀tún!
eruku pupa Iléṣà a bò wọ́n dé kókósẹ̀,
àwa òbí a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, à ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá tó ń kó wọn jọ mú lẹ́tà wá.
Lẹ́tà láti Ìkirè, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.
Lẹ́tà láti Ìlá, òǹtẹ̀ wà lára òun náà.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Aláǹgbá tiwa mú lẹ́tà dání;
ògiri fúnra rẹ̀ ló lanu, tó kí i káàbọ̀.

Ta ni nínú wa tó bi Ìkirè pé kí ló lé e kúrò níbẹ̀?

Lọ́dún kejì, Oríyọmí mú ṣòkòtò rẹ̀ wá.
Ó ní kí n bá òun fi ìgbànú kejì sí i.
“Ṣé ó ti tóbi jù ni?” Ó ní rárá.
“Ṣé bẹ́líìtì rẹ já?” Ó ní rárá.
Ilẹ̀ ló ń wò, níbi tí àjákù òwú kóra jọ sí.
“Kó ṣòro tú ni, Màmá. Kó kàn ṣòro tú.”

Mo rẹ́rìn-ín. Olúwa, mo rẹ́rìn-ín.
Mo ní, ọmọ yìí, ọjọ́ tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n ọ́, wàá rí i!
Mo rán an. Mi ò gba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìpàgọ́ ní Ẹ̀rìn, ọmọ mẹ́rin ò wá mọ́.
Ọ̀kan ní inú ń run òun.
Ọ̀kan lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìpetu.
Oríyọmí dákẹ́ bí ẹ̀rọ tí òwú já mọ́ lẹ́nu.
Ìyá rẹ̀ bá kakí náà nínú kànga.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ló tó hàn pé kì í ṣe ẹnì kan:
tiwa mọ ti Ìkirè, ti Ìkirè mọ ti Ìlá,
ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ òǹtẹ̀ méjèèjì.
Wọ́n wọnú ẹgbẹ́ bí kòkòrò ṣe ń wọnú obì:
obì ń dán lẹ́yìn,
ọjọ́ tẹ́ ẹ bá là á lẹ ó mọ̀.

Alàgbà Fálékè pè wá sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ.
Ó ní ká fọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n, nítorí orúkọ ìjọ.
Ó ní ọkùnrin náà ti sunkún, ó ti bẹ̀bẹ̀, ó ti lọ.
“Ó lọ síbo?”
Ó ní Oǹdó.
“Ta ló kọ lẹ́tà fún un?”
Alàgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Bàbá tó bí mi, aṣọ ló ń tà láwìn láti Iléṣà dé Kàbà.
Bí onígbèsè bá sá wọlé, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
kò ní jókòó, kò ní dìde,
òṣó ló máa ló títí owó á fi pé.
Wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní: òṣómàálò.
Ẹ wá wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alàgbà.
Ọjọ́ kẹta rèé, orúnkún ń dùn mí.
Oríyọmí gbé omi wá láàárọ̀. Kò sọ̀rọ̀.
Ó lóṣòó tì mí díẹ̀, ó lọ.

Owó kọ́ ni mo wá gbà.
Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ni.
Èmi fúnra mi ni màá gbé e dé Oǹdó
kí télọ̀ kan níbẹ̀ tó gé kakí.