Ọ̀rọ̀ Tí Wọn Kò Túmọ̀

Mọ́kànlá ni wá nínú sinimá etí òkun, ní Hastings,
alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń wíni, tíkẹ́ẹ̀tì pọ́n-ùn mẹ́rin.
Ìyá arúgbó tó jókòó tì mí ń tú súìtì nínú bébà,
ó ń dún bí eku nínú àká àgbàdo.

Iná kú. Eruku pupa bo ògiri.
Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan dé sí abúlé ní ìpẹ̀kun ayé,
lọ́dọ̀ àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà
kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀.
Wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta. Wọn ò bèèrè.
Ìyá sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ajá sáré tẹ̀lé ìyá.
Ajá ló kọ́kọ́ dúró.

Nílé tí wọ́n kó wọn lọ, ọṣẹ ni wọ́n fi fọ èdè kúrò lẹ́nu wọn.
Àbíkẹ́yìn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ,
kọjú sí ògiri lóru, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.
Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ni wọ́n ti ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ àwòrán.
Èyí, wọn kò kọ nǹkan kan.
Ìsàlẹ̀ ṣófo bí àwo tí wọ́n ti lá.

Kí n má purọ́: kò sẹ́ni tó jí èmi gbé.
Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́tìnnì kóòtù mi,
a jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1969,
ó san pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún Ìyáàfin Akehurst
tó polówó nínú ìwé ìròyìn pé ilé òun mọ́, òun fẹ́ràn ọmọ.
Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru,
bàbá mi ń ka ìwé òfin tí kò kà tán títí ó fi kú.
Kí ni wọn ì bá ṣe? Mo ti bínú tán.
Àbí n kò tíì bínú tán. N ò mọ̀.

Àwẹ̀ró ni mí nígbà tí mo wọlé.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti di Wẹ́ńdì.
"Orúkọ yẹn le fún ahọ́n mi," ni Ìyáàfin Akehurst wí,
kò sì fi ìkà wí i,
ó ń gé etí búrẹ́dì fún mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́fà, ni ìyá mi wí. Ó di ọdún mẹ́fà.
Lọ́jọ́ tó dé, ó dúró lẹ́nu géètì, ó mú bàtà tuntun lọ́wọ́,
bàtà ọmọ ọdún méje. Mo ti pé mẹ́wàá.
Ó pè mí. Ó sọ̀rọ̀ gígùn,
ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń sáré lórí àtẹ̀gùn.
Mo sá sẹ́yìn épírọ́ọ̀nù:
"Kí ni obìnrin yẹn ń wí?"
Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bèèrè. Òun náà sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.
Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ bí ẹni ń wá nǹkan tó já bọ́.

Wọ́n jí tiwọn. Tèmi, a sanwó ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà.
N kò ní fi ẹkún ẹlẹ́kún sun ẹkún ara mi.
Ṣùgbọ́n òfìfo ìsàlẹ̀ àwòrán yẹn, mo mọ̀ ọ́n.
Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Mo pé ogójì ọdún kí n tó lọ kọ́ Yorùbá yìí,
ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kéèkì yíyan.
Àmì ohùn ṣì ń yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iná tàn. Ọ̀gá sinimá ní ṣé a ní ìbéèrè.
Bàbá kan bèèrè bí wọ́n ṣe rí eruku tó pupa tó bẹ́ẹ̀.

Níta, òkun ń ha òkúta. Ní ibùdókọ̀,
mo gbìyànjú ohùn obìnrin ẹnu géètì:
Àwẹ̀ró. Mo tún un pè.
Mo ní, mà.
Bọ́ọ̀sì ti dé. Awakọ̀ ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí?"
Mo ní rárá. Ìpè kan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́.