Fọ́tò Mẹ́rin

Ní ṣọ́ọ̀bù Ṣówándé, ní Ìpẹru,
mo ní kó bá mi dín imú yìí kù.
Ó ní, "Kámẹ́rà tèmi kì í ṣe abẹ."
Mẹ́rin ló tẹ̀. Mo fa mẹ́ta ya lójú ọ̀nà,
mo ki ìkẹrin bọ abẹ́ àpò gàrí.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá ń bu gàrí,
ó fà á yọ, ó fi etí ìró nù ún,
ó gbé e súnmọ́ ojú tó ti ń ṣe bàìbàì:
"Níbo lo ti rí fọ́tò yèyé mi?
Wọn ò ya fọ́tò rí títí wọ́n fi lọ."

N ò fèsì.
Mo fọwọ́ kan imú mi.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú.
Mo wà lójú ọ̀nà, mò ń ṣa bébà nínú ẹrẹ̀,
ojú kan níbí,
ìdajì imú lábẹ́ táyà ọ̀kadà.